Ta Ni Ó Ń Wò?

Àpótí kékeré náà kò tó ọṣẹ ìfọṣọ kan.
Garrett, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fi ránṣẹ́ láti Phoenix nígbà Kérésì,
ó kọ ọ́ sínú káàdì: "Bàbá àgbà, kí òtútù má baà sú yín."
Arvid Tollefson wọ jígí ojú rẹ̀,
ó tì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.
Ìwé àdéhùn yọ, ó gùn ju ọ̀nà Duluth sí Fargo,
lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà.
Ta ló fẹ́ ka ìyẹn? Ọbẹ̀ Marlys ń tutù lórí tábìlì.
Ó tẹ "Mo gbà."
Ẹni tó gbà, ó ti gbà.

Èdè wa ti sọ ẹ̀rọ yìí lórúkọ tipẹ́:
amóhùnmáwòrán.
A rò pé ṣe ló ń mú wọn wá fún wa.
A ò bi í rí pé
ohùn ta, àwòrán ta
ni yóò mú lọ.

Nínú oṣù Èrèlé, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já Marlys lójú oorun.
Kò sọ fún Annika, ọmọ rẹ̀,
kò sọ fún Wendell Kujala tó ń bá wọn kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n láàrin eré ọlọ́pàá, ìpolówó dé:
oògùn ikọ́,
lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé orí sókè,
lẹ́yìn náà ọkùnrin oníkóòtù kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́
pé owó ìsìnkú, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í san án.
Arvid wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wo ògiri.
Ògiri àtijọ́ létí lóòótọ́,
ṣùgbọ́n kò ní oníbàárà.

Marlys kú ní òru ọjọ́ Ẹtì kan,
yìnyín orí adágún ń dún bí irin tó fẹ́ ṣẹ́.
Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé àwo gbígbóná wá,
wọ́n gbàdúrà, wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n lọ.
Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Wendell ní, "Yọ nǹkan yẹn dànù.
Ó mọ ìgbà tí o sùn, ó mọ ìgbà tí o dìde lọ tọ̀.
Èmi ti fi ìbọ̀sẹ̀ bo tèmi."
Arvid ní ìbọ̀sẹ̀ kì í dí etí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.
Ó ní kí òun tàn án lẹ́ẹ̀kan péré,
kí òun rí ojú ohun tí òun fẹ́ pa.
Dígí béèrè, bó ṣe ń béèrè lálaalẹ́:
Ta ni ó ń wò?
Lédè tiwa, ìbéèrè yẹn lójú méjì.
Arvid kò gbọ́ èdè wa, ojú kan ló rí:
orúkọ tirẹ̀ nínú róbótó aláwọ̀ ojú ọ̀run,
àti Marlys, nínú róbótó pupa,
pẹ̀lú ẹyẹ kan tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn.
Ó tẹ ẹyẹ náà.
"Ẹ kú àbọ̀, Marlys."
Eré tí kò wò tán dúró sí ìṣẹ́jú kẹtàlélógójì:
obìnrin kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́,
a ò mọ̀ bóyá ó ń wọlé ni tàbí ó ń jáde.

Olè ni. Arvid mọ̀ pé olè ni.
Ṣùgbọ́n olè tó kó ẹrù ẹni lọ
ni ó mọ ibi tí ẹrù wà.

Kò yọ ọ́. Kò sì jẹ́ kí obìnrin yẹn rìn.
Ó dìde, ó gbé ẹkún rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná,
ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí omi ẹ̀rọ kó máa ya.
Eléyìí, wọn ò ní rí i tà.

Nínú pálọ̀, iná dígí ń kọ mànà lára àga méjì.
Lẹ́yìn wákàtí kan, ó béèrè jẹ́jẹ́:
Marlys, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?